Àgbámú Tí Ọlọ́wọ́ Mẹ́ta Fẹ́ Rà

Kí àìsàn tó kọlu ayígi kan, ẹni tó ń fi ẹ̀rọ yí igi láti fi gbẹ́ abọ́, Ọlọ́wọ́ Mẹ́ta ni gbogbo àdúgbò ń pè é, òun fúnra rẹ̀ ló sì sọ ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àgbámú ni irin eléyín mẹ́rin tó máa ń di igi mú lórí ẹ̀rọ. Ọ̀pá méjì ni wọ́n fi ń fún tirẹ̀ le: ọwọ́ ọ̀tún á fa ọ̀kan, ọwọ́ òsì á fa èkejì. Ta ni yóò wá di igi mú? Ikùn rẹ̀ ni. Á fi ikùn ti igi mọ́ irin, á ní, "Ìyá mi fún mi ní méjì, oúnjẹ ìyàwó mi fún mi ní ẹ̀kẹta."

Rọpárọsẹ̀ dé, ó ba apá òsì jẹ́. Ọwọ́ náà ṣì wà lára rẹ̀, àmọ́ kì í jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n bá rán an. Gbogbo ẹni tó wá kí i ló ń sọ fún un pé ọwọ́ kan ò gbẹ́rù dórí, bí ẹni pé ẹnì kan wà láyé tí kò gbọ́ òwe náà rí.

Lórí ibùsùn ló ti ro ọ̀rọ̀ náà dópin. Irú àgbámú kan wà tó jẹ́ pé kọ́kọ́rọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n fi ń fún un. Ọwọ́ ọ̀tún á yí kọ́kọ́rọ́, ikùn á ti igi, ó parí. Ó sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé bí òun bá lè dá gbé igi sórí ẹ̀rọ, ayígi ṣì ni òun. Bí òun ò bá lè ṣe é, kí káfíńtà tó ti ń fẹ́ ra ẹ̀rọ náà wá gbé e lọ. Òun ò ní fi ẹlòmíràn ṣe ọwọ́ nídìí iṣẹ́ òun.

Nígbà tí òun àti ìyàwó rẹ̀ dé ṣọ́ọ̀bù, àgbámú mẹ́ta ni ọkùnrin tó ń ta irin-iṣẹ́ tò sórí tábìlì.

"Èyí kéré fún abọ́ ńlá, Bàbá. Tọ̀hún wúwo jù fún ẹ̀rọ yín. Ti àárín yìí lẹ máa rà."

Ayígi fi kọ́kọ́rọ́ yí ti àárín. Eyín mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rìn wọlé pa pọ̀, wọ́n tún jáde pa pọ̀. Inú rẹ̀ dùn débi pé omi fẹ́ bọ́ lójú rẹ̀.

"Ẹ dán an wò lórí ẹ̀rọ," ọlọ́jà sọ, ó sì dè é mọ́ ẹ̀rọ tó wà ní kọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù.

Ayígi gbé igi sí i, ó fi ikùn tì í. Igi jábọ́. Ìgbà yẹn ló tó mọ̀ pé kì í ṣe ikùn ló ń ti igi láti ogójì ọdún wá. Ẹsẹ̀ òsì ló máa ń tẹlẹ̀ kí ikùn tó lè tì, ẹsẹ̀ òsì náà sì ti kọṣẹ́ sílẹ̀. Ọlọ́jà bá a gbé igi nílẹ̀. Lẹ́ẹ̀kejì, igi dúró, àmọ́ ó wọ́. Nígbà tí wọ́n fọwọ́ yí i wò, ó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bí ọ̀mùtí. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó tún jábọ́. Òógùn bo ayígi. Kò lè wo ẹ̀yìn, nítorí ìyàwó rẹ̀ jókòó síbẹ̀, ó gbé fìlà ọkọ rẹ̀ lé itan.

Lẹ́ẹ̀kẹrin, igi jókòó ṣánṣán. Ó ń yí kọ́kọ́rọ́, ó ń gbọ́ bí eyín ṣe ń wọ igi lára.

"Ẹ ò rí i, Bàbá," ni ọlọ́jà wí. "Iṣẹ́ ò tíì kúrò lọ́wọ́ yín."

Orí ayígi wú. Ó bojú wo abẹ́ igi, ó sì rí ìka ìyàwó rẹ̀ níbẹ̀, márààrún, tí wọ́n rọra gbé e ró.

"Ìyá wọn, gbọ́wọ́ kúrò."

"Ẹ kọ́kọ́ fún un le ná, Bàbá wọn."

Ojú tì í, inú bí i. Ó fẹ́ ti ọwọ́ náà dànù. Ṣùgbọ́n ọwọ́ kan ṣoṣo tó lè fi tì í ló fi di kọ́kọ́rọ́ mú.