Ojú Ewé Àkànjí

Ràhámátù kò mọ iṣẹ́ oko, gbogbo Kambolé, ìlú ọkọ rẹ̀, ló sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Sokodé ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà, ní àdúgbò Kouloundè, nínú ṣọ́ọ̀bù àǹtí rẹ̀ tó ń ta ìwé àti bébà ọ̀ṣọ́. Bó bá kọ ebè iṣu, ẹni tó bá ń kọjá á dúró rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ì bá má dùn ún tó bẹ́ẹ̀ ká ní ó ti bímọ. Kò tíì bí, ìyá ọkọ rẹ̀ sì ti ń sọ kiri àdúgbò pé ẹni tí kò lè kọ ebè, tí kò sì lè pọn ọmọ, àlejò lásán ni.

Nítorí náà, nígbà tí Ìyá Àkànjí, ìyá ọkọ rẹ̀ yìí kan náà, fi ohùn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ pè é pé kó wá ṣe álíbọ́ọ̀mù ilé lọ́ṣọ̀ọ́ de Iléyá, inú rẹ̀ dùn bí ẹni pé wọ́n tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀. Nínú agbo ilé yẹn, álíbọ́ọ̀mù ni wọ́n ń gbé lé àlejò lẹ́sẹ̀ lọ́jọ́ ọdún kí ẹran tó jinná. Ọmọkùnrin kọ̀ọ̀kan ló ní ojú ewé tirẹ̀, fọ́tò ọkọ lápá òsì, ti ìyàwó lápá ọ̀tún. Ìyá wọn ló sì ń fọwọ́ ara rẹ̀ lẹ fọ́tò ìyàwó. Ìyàwó tó bá ti wọ inú rẹ̀, ó ti wọlé nìyẹn. Wọn kò tíì lẹ ti Ràhámátù láti ọjọ́ tó ti dé.

Ó gun alùpùpù lọ sí Sokodé, àǹtí rẹ̀ sì fún un ní àwọn òdòdó, àti lẹ́tà tí wọ́n fi ń kọ orúkọ, tó máa ń wà lára ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Wọ́n á da ọ̀rá náà dé orí ìwé, wọ́n á fi ẹ̀yìn ṣíbí ra á títí, wọ́n á wá rọra bó ọ̀rá kúrò, òdòdó á sì jókòó sórí ìwé. Oníwàdùwàdù kò lè ṣe é, ìdajì òdòdó ni yóò kù sára ọ̀rá. Ràhámátù mọ̀ ọ́n ṣe gan-an. Ó ṣe ojú ewé àwọn àbúrò ọkọ rẹ̀ dáadáa, àmọ́ ojú ewé Àkànjí ọkọ rẹ̀ ló kó gbogbo òdòdó aláwọ̀ wúrà sí, yí ká àyè tó ṣófo lápá ọ̀tún.

Ìyá Àkànjí gba fọ́tò lọ́wọ́ rẹ̀. Ràhámátù kúnlẹ̀, ó fún un ní èyí tó ti wé ìbòrí funfun. Ìyá náà ní kó má tíì kọ orúkọ sí i, pé ojú gbogbo ènìyàn ni yóò ti kọ ọ́ lọ́jọ́ ọdún. Àkànjí bá a lẹ́nu iṣẹ́ náà lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Ó wo àwọn òdòdó náà pẹ́, ó bá ọ̀nà oko lọ. Ràhámátù rò pé ọ̀ṣọ́ náà ló wù ú.

Lọ́jọ́ Iléyá, ilé kún. Àwọn àlejò ń yin òdòdó wúrà náà, Ràhámátù sì ń rẹ́rìn-ín. Ìgbà náà ni Ìyá Àkànjí tú kókó ìró rẹ̀, ó mú fọ́tò kan jáde, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ àárín òdòdó. Ọmọbìnrin kan láti Koussountou ni.

Ó ní, “Tóyọ̀sí nìyí. Ẹ̀yìn ìkórè ni wọ́n máa gbé e wá fún Àkànjí.”

Ó wá na ṣíbí sí Ràhámátù pé kó kọ orúkọ ìyàwó sí i, ṣebí òun ló mọ̀ ọ́n ṣe.

Ràhámátù kò mọ ìgbà tí ẹnu rẹ̀ là. “Ìyá, tèmi ńkọ́?”

“Mo ti fi tìrẹ ránṣẹ́ sí àǹtí rẹ ní Sokodé.”

Ẹnìkan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Ràhámátù wo ọkọ rẹ̀. Ó retí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, èyíkéyìí. Àkànjí sún mọ́ ọn, ó fọwọ́ di etí ìwé náà mú fún un.

Ó ní, “Rọra ṣe é, kó má baà wọ́.”

Ràhámátù mú ṣíbí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ra lẹ́tà àkọ́kọ́.