Ojú Tó Wà Lára Ìke Ìpara

Àwọn tí egungun wọn ṣẹ́, tí wọ́n ń fi ọ̀pá rìn jáde nílé ìwòsàn Igbóbì, ló sọ ìpara Màmá wa di olókìkí. Nígbà tí Màmá kú, ọdún kẹfà rèé, a gbé wọn lọ sílé ní Ògbómọ̀ṣọ́. Pásítọ̀ Onítẹ̀bọmi wa gbàdúrà, a da yẹ̀pẹ̀ bò wọ́n níṣojú gbogbo ẹbí. Èmi Wúràolúwa àti àbúrò mi, Iṣẹ́olúwa, ń bá iṣẹ́ náà lọ ní Ladi-Lak, nílùú Èkó. A gbé fọ́tò Màmá, tòun ti ilà ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn, fún àwọn atẹ̀wé ní Ṣómólú, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ sára ìke. Ojú yẹn ló ń tajà fún wa. Ẹni tí kò mọ̀wé mọ ojú.

Nígbà tí oníbàárà kan bẹ̀rẹ̀ sí í kó ìpara wa lọ sí Gánà, ọkàn mi balẹ̀. A ṣáà ti fi àmì ìdámọ̀ ọjà wa sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba ní Àbújá. Lọ́yà Sùrájù, tí ọ́fíìsì rẹ̀ wà ní Akoka, gbọ́ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu mi, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi yọ gíláàsì ojú rẹ̀.

"Àǹtí Wúrà, èyí tẹ́ ẹ rẹjísítà ní Nàìjíríà kì í kọjá bọ́dà o. Ìlú kọ̀ọ̀kan ló ní tiẹ̀. Tẹ́lòmíì bá ṣáájú yín fi ojú yẹn sílẹ̀ ní Gánà, wọ́n á gba ọjà yín lẹ́nu bọ́dà, ẹ ò sì ní rí ẹni tẹ́ ẹ máa fẹjọ́ sùn."

"Ojú ìyá mi? Ta ló máa wá gbà á?"

"Ọjà ni, Àǹtí. Ẹ jẹ́ ká tètè ṣe é. Tẹ́ ẹ bá rí i gbà náà, ẹ gbọ́dọ̀ máa tà á níbẹ̀, kẹ́ ẹ sì máa sọ ọ́ dọ̀tun tí àsìkò ẹ̀ bá tó. Àmì tí wọn ò bá lò, kíkú ló ń kú."

Ó bá mi wá aṣojú kan ní Akra, ọmọkùnrin Gánà tó ń jẹ́ Wonder. Wonder kó ìwé wa lọ, ìjọba ibẹ̀ sì kéde ojú Màmá síta, kí ẹni tó bá ní àtakò wá sọ ọ́. Mo rò pé ta ló fẹ́ wá sọ kí ni.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni, mò ń ro ìpara lórí iná, ni Wonder pè mí. Ó ní obìnrin kan láti Kumasi ti ta kò wá. Obìnrin náà ní ó pẹ́ tí òun ti ń ta irú ìpara yẹn, àti pé ojú òun ló wà lára ìke wa.

Inú bí mi débi pé ìpara náà jóná. Mo ṣépè. Mo ní olè tó bá lè jí ojú òkú, kò sí ohun tí kò ní jí. Mo ní kí Wonder fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, kí n mọ ẹni tí mò ń bá jà.

Fọ́tò náà dé, mo sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Màmá ni. Kì í ṣe ẹni tó jọ wọ́n. Ilà ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì tó kúrú ju ti ọ̀tún lọ, torí pé wọ́n jà mọ́ olóòlà lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé, ó wà níbẹ̀. Ohun tó dẹ́rù bà mí jù ni pé wọ́n ti darúgbó sí i. Irun iwájú orí wọn ti funfun, eyín òkè kan sì ti ká. Kò sí ẹni tó lè ya irú fọ́tò yẹn ní Ladi-Lak, nítorí Màmá wa kò dàgbà tó bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó kú. Mo bi Wonder pé kí lorúkọ obìnrin náà. Ó ní Dọ́kásì. Orúkọ tí àwọn òbí Màmá fi ń pè wọ́n nìyẹn, àwa ọmọ nìkan ló tún mọ̀ ọ́n.

Kumasi ni wọ́n bí Màmá sí. Wọ́n ṣì kéré lọ́dún 1969 tí ìjọba Gánà ní kí àwọn àlejò máa lọ, wọ́n sì ń sọ títí wọ́n fi kú pé àwọn ò tíì jáde tán níbẹ̀. Àwọn àgbà sọ fún wa pé ẹni tó kú tí ayé ò tíì tán lọ́wọ́ rẹ̀ lè di àkúdàáyà. Á lọ sí ìlú tí wọn ò ti mọ̀ ọ́n, á máa gbé, á máa ṣòwò. Ọjọ́ tó bá fojú kan ará ilé rẹ̀, ó parí, á pòórá, kò sì sí ẹni tó máa rí i mọ́ láyé. Mo ti fi ọ̀rọ̀ yìí ṣe yẹ̀yẹ́ rí. Lọ́jọ́ yẹn, ẹ̀rù bà mí débi pé mi ò lè pa iná abẹ́ ìkòkò.

Sùrájù ní wọ́n ti dá ọjọ́ fún ẹjọ́ náà ní Akra. Ẹnìkan nínú ilé wa gbọ́dọ̀ wá dúró pẹ̀lú obìnrin náà níwájú òṣìṣẹ́ ìjọba. Bí a ò bá yọjú, ojú náà di tirẹ̀ nìyẹn, a ò sì gbọdọ̀ ta ìke kan ṣoṣo ní Gánà mọ́.

"Kó máa mú un lọ," mo dá a lóhùn. "Mi ò lọ."

Iṣẹ́olúwa fò dìde. "Sistá mi, ẹ gbọ́ ara yín báyìí? Òkú wo ló ń ta ìpara? Gbájúẹ̀ ni! Fóònù ni wọ́n fi sọ fọ́tò yẹn di arúgbó. Ẹ jẹ́ ká lọ kò ó lójú."

"Bó bá jẹ́ gbájúẹ̀, Gánà la pàdánù. Bó bá jẹ́ Màmá ńkọ́? Wọ́n wà láàyè níbì kan, Iṣẹ́. Wọ́n ń jẹun, wọ́n ń sùn, wọ́n ń jí. Ṣé èmi lo fẹ́ kó lọ gba ayé yẹn lọ́wọ́ wọn?"

Ó padà jókòó. Mo rò pé ó ti gbọ́ mi yé.

Wonder tún pè. Ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní obìnrin náà wá sí ọ́fíìsì òun, ó ń bèèrè ẹni tó ń bọ̀ láti Èkó. Obìnrin náà ní bó bá jẹ́ àwọn ọmọ òun ló ń bọ̀, kí Wonder jọ̀wọ́ bá òun bẹ̀ wọ́n, kí wọ́n rán ẹlòmíràn. Wonder bi mí pé ọmọ wo ni obìnrin náà ní ní Èkó. Mo sáré lọ bá Sùrájù ní Akoka, mo ní kó fa ìwé wa yọ lọ́wọ́ ìjọba Gánà, kí ẹjọ́ náà lè parí. Ó ní tó bá di Mọ́ńdè, ọjọ́ ẹjọ́ náà gan-an, òun á fà á yọ kí wọ́n tó jókòó.

Iṣẹ́olúwa ò dúró de Mọ́ńdè. Ó ní òun fẹ́ lọ wo ilé ní Ògbómọ̀ṣọ́, mo sì bá a di oúnjẹ ọ̀nà. Kí Sùrájù tó fa ìwé yọ láàárọ̀ Mọ́ńdè, nọ́ńbà Gánà ló fi pè mí.

"Sistá mi. Mo rí wọn."

"Níbo lo wà, Iṣẹ́?"

"Ọ́fíìsì ìjọba ní Akra. Wọ́n jókòó, wọ́n kọ ẹ̀yìn sí ilẹ̀kùn. Bí mo ṣe wọlé, wọ́n bojú wẹ̀yìn. Wọ́n ní, 'Iṣẹ́, ṣé o ti jẹun?' Kí n tó lanu, aṣọ wọn nìkan ló kù lórí àga. Àwọn òṣìṣẹ́ ń wá wọn káàkiri. Wọ́n ní bí Màmá ò bá padà wá, àwa la ni ojú náà. Sistá, ó ti di tiwa."

Mo sunkún ju bí mo ṣe sun ún ní Ògbómọ̀ṣọ́ lọ. Nígbà àkọ́kọ́, àìsàn ló pa Màmá, kò sì sí ẹni tí mo lè bínú sí. Lẹ́ẹ̀kejì yìí, ọmọ tí wọ́n ń bi pé ṣé ó ti jẹun ló pa wọ́n.