Ẹsẹ̀ Tí Bàbá Lará Fi Wọ Àgọ́ Ọlọ́pàá

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan lọ́dún 1976, ọlọ́pàá méjì kan ilẹ̀kùn ilé kan ní Òkòtà, wọ́n ní àwọn ń wá Mùktárù. Ògúnjìmí káfíńtà tó jáde sí wọn kò bi wọ́n ní nǹkan kan. Ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó mú fìlà rẹ̀ lórí ìṣó tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó dé e.

"Kò sí nílé," ló wí. "Ṣùgbọ́n èmi ni bàbá rẹ̀ níbí. Ẹ jẹ́ ká lọ."

"Bàbá Lará, níbo lẹ ń lọ?" Àrìnkẹ́ ìyàwó rẹ̀ béèrè láti ìdí sítóòfù.

"Mo ń lọ jẹ́ ìpè ìjọba. Bá mi bo ẹ̀kọ mi kó má tutù."

Àrìnkẹ́ kò bá a jiyàn, nítorí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe é ní Ìkirun tí àwọn méjèèjì ti wá. Bí ìránṣẹ́ ọba bá wọ agboolé, tó ní òun ń wá ọ̀dọ́mọkùnrin kan, baálé ni yóò kọ́kọ́ dìde. Yóò tẹ̀lé ìránṣẹ́ náà, yóò dọ̀bálẹ̀, yóò ní, "Kábíyèsí, ọmọ mi ni, ẹ foríjì í." Wọn yóò bá a wí díẹ̀, yóò sì padà sílé kí oúnjẹ rẹ̀ tó tutù. Ògúnjìmí àti Àrìnkẹ́ kọ́ ló bí Mùktárù. Ayálégbé wọn ni, ọmọ ìlú wọn, tó ń wa ọkọ̀ akẹ́rù fún oníṣòwò sìmẹ́ǹtì kan. Ṣọ́ọ̀ṣì ni tiwọn, mọ́ṣáláṣí ni tirẹ̀, ṣùgbọ́n ìkòkò kan náà ni wọ́n ti ń bu ọbẹ̀.

Ẹ̀kọ náà tutù. Oòrùn wọ̀, Ògúnjìmí kò dé.

Nígbà tí Àrìnkẹ́ dé àgọ́ ọlọ́pàá lọ́jọ́ kejì, Sájẹ́ǹtì Bùràímọ̀ kí i tọ̀yàyà-tọ̀yàyà, bí ẹni pé àlejò ni.

"Ìyá, ọ̀rọ̀ kékeré ni. Ẹ̀yin náà mọ̀ bí gbogbo ayé ṣe ń kọ́lé látìgbà tí owó epo ti dé. Sìmẹ́ǹtì ti di wúrà. Ẹrù ọkọ̀ kan sọnù, Mùktárù ni awakọ̀, a ò sì rí i. Ẹ mú un wá, kí ẹ máa mú bàbá lọ."

"Kí ni ọkọ mi ṣe?"

"Ọkọ yín? Wọn ò ṣe nǹkan kan. Àwọn fúnra wọn ni wọ́n ní àwọn ni bàbá rẹ̀."

Àrìnkẹ́ mọ ibi tí Mùktárù wà. Ọ̀dọ̀ Ìsíátù ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni, ní Òkè-Àfá. Ọmọ náà kò jalè. Ọlọ́pàá ti kọ́kọ́ mú awakọ̀ mìíràn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, wọ́n sì nà án títí ó fi jẹ́wọ́ ohun tí kò mọ̀, ìyẹn ni Mùktárù gbọ́ tó fi sá. Bí Àrìnkẹ́ bá la ẹnu, ọkọ rẹ̀ yóò sùn sílé lálẹ́ ọjọ́ náà. Bí kò bá là á, àyà ọkùnrin náà tí kì í gba òtútù yóò máa fọn bí fèrè lórí ilẹ̀ sìmẹ́ǹtì tútù àtìmọ́lé.

Ó gbé abọ́ oúnjẹ dé ẹnu irin àtìmọ́lé. Ògúnjìmí ti mọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ kó tó sọ ọ́.

"Àrìnkẹ́, má fi ọmọ ọlọ́mọ rà mí jáde."

"Tí ẹ bá kú síbí ńkọ́?"

"Mi ò ní í kú. Ṣé ata wà nínú ọbẹ̀ yìí? Ti ìjọba dà bí omi tí wọ́n fi ṣan ìkòkò."

Ó rẹ́rìn-ín, ikọ́ sì gbé e. Ó wúkọ́ títí ó fi di irin náà mú.

Bẹ́ẹ̀ ni Àrìnkẹ́ ń lọ tó ń bọ̀ lójoojúmọ́. Nígbà tó di ọjọ́ Ìsinmi, ó jókòó ní ṣọ́ọ̀ṣì, orin kò jáde lẹ́nu rẹ̀. Ó di ìwé orin mú lásán, omijé ń kán sí ojú ewé. Àìná, ọ̀rẹ́ rẹ̀ nínú ẹgbẹ́ ìyá ìjọ, fi ìgbúnwọ́ gún un.

"Ìyá Lará, a ti gbàdúrà. Lọ́la, ẹ wá lọ rí lọ́yà."

"Lọ́yà kẹ̀? Lábẹ́ ìjọba sójà?"

"Ṣé tí sójà bá dé, Ọlọ́run kó lọ ni? Ẹ lọ sí Ṣógúnlé. Òkè ilé tí wọ́n ti ń tún bátìrì ṣe, ẹ ó rí pátákó Lọ́yà Olúsànyà."

Àrìnkẹ́ gun àtẹ̀gùn náà láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. Ọmọbìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló bá nínú yàrá, tó ń kọ̀wé.

"Ọmọ mi, bá mi pe lọ́yà wá."

"Èmi ni, mà. Tóyìn Olúsànyà."

Àrìnkẹ́ wò ó láti òkè délẹ̀. Ó kù díẹ̀ kó bi í bóyá bàbá rẹ̀ wà nílé. Ṣùgbọ́n agbára kò sí mọ́, ó jókòó, ó sì sọ gbogbo rẹ̀.

"Ẹ̀sùn wo ni wọ́n fi kàn wọ́n?" Tóyìn béèrè.

"Wọ́n ní bàbá ni."

Ọmọbìnrin náà fi gègé sílẹ̀. "Ìyẹn kì í ṣe ẹ̀sùn, mà. Òfin ò ní kí wọ́n ti ẹnì kan mọ́lé nítorí ohun tí ẹlòmíràn ṣe. Ẹni tí wọ́n bá sì mú, wọ́n gbọ́dọ̀ sọ ohun tó ṣe fún un, kí wọ́n gbé e lọ síwájú adájọ́ láìpẹ́. Òní ni ọjọ́ kẹjọ."

"Àwọn sójà ńkọ́?"

"Sójà ti gba ohun púpọ̀ lọ́wọ́ wa. Wọn ò tíì gba ìyẹn lọ́wọ́ ọkọ yín. Mo máa bẹ adájọ́ pé kó pàṣẹ kí ọlọ́pàá gbé ọkọ yín wá síwájú òun gan-an, kí wọ́n sì sọ ìdí tí wọ́n fi tì wọ́n mọ́lé. Tí wọn ò bá rí ìdí sọ, ilé yá."

Àrìnkẹ́ fà sún mọ́ ọn. "Ṣé mo gbọ́dọ̀ sọ ibi tí Mùktárù wà?"

"Ṣé mo bi yín, mà?" Tóyìn rẹ́rìn-ín. "Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yọ ẹni tí kò ṣe nǹkan kan."

Ní ọjọ́rú, wọ́n gbé Ògúnjìmí wá sí ilé ẹjọ́ gíga ní Ìkẹjà. Ó ti rù, ṣùgbọ́n fìlà rẹ̀ wà lórí títí wọ́n fi ní kó ṣí i. Agbẹjọ́rò ìjọba dìde, ó ní kò sẹ́ni tó ti bàbá yìí mọ́lé, pé fúnra rẹ̀ ló wá.

Adájọ́, àgbàlagbà kan tó gbọ́ Yorùbá dáadáa, kò dúró de ògbufọ̀. "Bàbá, ṣé òótọ́ ni?"

Ògúnjìmí ti fi Bíbélì búra. Kò sì tún mọ irọ́ pa láti kékeré.

"Òótọ́ ni, Olúwa mi. Èmi ni mo dé fìlà mi tí mo tẹ̀lé wọn. Wọn ò tilẹ̀ fọwọ́ kàn mí."

Àrìnkẹ́ fi ọwọ́ bo ẹnu. *Bàbá Lará, ẹ pa wá o.* Agbẹjọ́rò ìjọba ti ń kó ìwé rẹ̀ jọ.

Tóyìn dìde jẹ́jẹ́ nínú aṣọ dúdú rẹ̀. "Bàbá, nígbà tí ẹ dé ọ̀hún, kí lẹ ṣe?"

"Mo dọ̀bálẹ̀. Mo bá wọn bẹ̀bẹ̀ fún ọmọ mi. Lẹ́yìn náà mo ní, ó dàbọ̀, ẹ̀kọ mi ń tutù nílé."

Gbogbo ilé ẹjọ́ bú sẹ́rìn-ín.

"Kí ni wọ́n wá ṣe?"

"Wọ́n ti ilẹ̀kùn."

"Lọ́jọ́ kejì ńkọ́?"

"Ọmọ mi, lójoojúmọ́ ni mo ń sọ fún wọn pé ó dàbọ̀."

Adájọ́ yíjú sí Bùràímọ̀. "Sájẹ́ǹtì, kí ni ọkùnrin yìí ṣe?"

"Olúwa mi, ó ní òun ni bàbá ẹni tí à ń wá."

"Mo gbọ́ ìyẹn. Mo ní, kí ló ṣe?"

Bùràímọ̀ wo agbẹjọ́rò ìjọba. Agbẹjọ́rò ìjọba wo ìwé.

"Ẹni tó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọlé," adájọ́ wí, "ó yẹ kó lè fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ jáde. Tí kò bá lè jáde, ẹ ti tì í mọ́lé nìyẹn, ẹ sì gbọ́dọ̀ ní ìdí. Ẹ ò ní. Bàbá, ẹ máa lọ sílé yín."

Àrìnkẹ́ kò mọ ìgbà tó kúnlẹ̀ sórí pákó ilé ẹjọ́. Ó ti máa ń rò pé aṣọ funfun ni áńgẹ́lì tó ń ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀wọ̀n máa ń wọ̀. Ó wá rí i pé wọn a máa wọ dúdú pẹ̀lú. Ògúnjìmí ní tirẹ̀ dé fìlà rẹ̀, ó dúró níwájú Bùràímọ̀.

"Sájẹ́ǹtì, ó dàbọ̀ o."

Bùràímọ̀ gbìyànjú láti fajú ro, kò ṣeé ṣe. "Ó dàbọ̀, Bàbá."

Lọ́jọ́ kejì, Mùktárù fúnra rẹ̀ lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá ní ọ̀sán gangan, Tóyìn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó sọ tẹnu rẹ̀, wọ́n kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀, kò sẹ́ni tó nà án, ó sì padà sílé. Kò pẹ́ tí wọ́n fi bá sìmẹ́ǹtì náà níbi tí àna oníṣòwò ọ̀hún ti ń kọ́lé, wọ́n sì tú awakọ̀ tí wọ́n nà náà sílẹ̀.

Ó tó oṣù kan lẹ́yìn náà, ẹnì kan tún kan ilẹ̀kùn láàárọ̀. Ọkùnrin kan ni, ó wọ kakí, ó mú ìwé lọ́wọ́.

"Ta ni baálé ilé níbí?"

Ọwọ́ Ògúnjìmí ti nà sí ìṣó fìlà. Ó dá a dúró lójú ọ̀nà, ó wo Àrìnkẹ́, ó wo ọkùnrin náà.

"Kí ló ṣe?"

"Ẹ ní kí ni, Bàbá?"

"Baálé ilé tí ẹ ń wá. Mo ní, kí ló ṣe?"

"Bàbá, mítà iná ni mo fẹ́ wò."

Àrìnkẹ́ rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀, Mùktárù ń gbọ̀n nínú yàrá rẹ̀ fún ẹ̀rín. Fìlà wà lórí ìṣó. Ògúnjìmí nawọ́ sí ibi tí mítà wà, ó sì padà sídìí ẹ̀kọ rẹ̀ tó ṣì ń gbóná.