Ta Ni Yóò Kọrin fún Olórin?

Ilé tí kò ní èèwọ̀, ọjà ni. Ilé Arlys kì í ṣe ọjà o! Èèwọ̀ ibẹ̀ pọ̀ ju àwo ilé ìdáná lọ. Ara ògiri yàrá abẹ́ ilé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná, ni Burdette ọkọ rẹ̀ ti fi pẹ́ńsù kọ wọ́n sí, láti ìgbà tí Corinne ọmọ wọn kò tíì mọ okùn bàtà so.

Òfin eré ni. Ní ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi, tí wọ́n bá ti dé láti ilé ìsìn, wọn á sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú sọ́sééjì àti wàràkàṣì dídín, wọn á yí tábìlì ká. Arlys ni Apàlọ́. Òun ló ń sọ ohun tó wà nínú igbó àti ihò àpáta, òun ló ń ké bí ìwin. Àwọn yòókù, kálukú ní ẹ̀dá tirẹ̀ tó ń bá rìn nínú ìtàn. Lavonne aládùúgbò ní jagunjagun obìnrin kan tó fẹ́ràn ọtí. Norbert, àbúrò Burdette, ní olè kan. Corinne ní tafàtafà. Burdette ní àlùfáà, aràrá onírùngbọ̀n kan tó ń jẹ́ Ullo, ère òjé tí kò ga ju àtàǹpàkò lọ. Níbi tí ọgbọ́n wọn bá pin sí, dáìsì olójú ogún ni yóò dájọ́.

Wọ́n ń ta ìwé eré náà, òfin sì kún inú rẹ̀ bámúbámú. Burdette kà á, ó yọ ṣùtì.

"Ọbẹ̀ inú agolo lèyí," ó ní. "Ẹ jẹ́ ká se tiwa."

Ó sì sè é! Ó ní àlùfáà tó bá fẹ́ gbé ẹni tó ṣubú dìde, àfi kó kọrin, orin tí ẹnikẹ́ni kò kọ rí nínú ilé náà, kó sì la ẹnu kọ ọ́ ketekete. Háà, ògiri yẹn gbọ́ orin! Ọjọ́ tí òmìrán fi ẹsẹ̀ tẹ jagunjagun Lavonne mọ́lẹ̀, Burdette dìde, ó di ikùn mú, ó ní:

*Lavonne, dìde o, dìde,*
*Sọ́sééjì ń jóná lórí iná,*
*Dìde o, wá jẹ tìrẹ,*
*Kí ajá tó gbé e sá.*

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi dà lójú wọn, Lavonne sì jí.

Nígbà tí òtútù mú gan-an, Burdette kú. Wọn kò gbé àga rẹ̀ kúrò. Òfin kan wà lára ògiri: ẹni tí kò bá wá, ẹni ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ni kó ju dáìsì fún un, kó sì sọ̀rọ̀ bí òun ìbá ṣe sọ ọ́. Òfin náà kò sọ pé ibi tí ẹni náà lọ gbọ́dọ̀ jẹ́ ibi tí wọ́n ti ń padà bọ̀. Norbert ló wà lọ́wọ́ ọ̀tún. Norbert wá ń ju dáìsì fún Ullo.

Arlys mọ̀ pé ọkọ òun ti kú. Òun ló pa ojú rẹ̀ dé. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sán Ìsinmi, tó bá bèèrè pé, "Àlùfáà ńkọ́?" ẹnìkan á dáhùn pé, "Ó wà níbí, ebi ń pa á." Ìyẹn ló kù fún un.

Ọjọ́ Ìsinmi tí à ń wí yìí, wọ́n ń gba orí adágún dídì kọjá nínú ìtàn. Ejò yìnyín yọ. Burdette fúnra rẹ̀ ló dá ejò náà, kò sí nínú ìwé kankan. Ejò náà bu Ullo ṣán. Norbert fẹ́ atẹ́gùn sí dáìsì, ó jù ú.

Ọ̀kan, tó kéré jù.

"Àlùfáà ṣubú," ni Norbert wí.

"Kò burú, ẹ gbé e dìde," Lavonne ní, wàràkàṣì lẹ́nu. "Ta ló ń kọrin?"

Àlùfáà kan ṣoṣo tí wọ́n ní ló wà nílẹ̀ yẹn.

Arlys ní orin kan. Lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù ni Burdette ti kọ ọ́ sí i létí, tó ní, "Mò ń tọ́jú èyí de ọjọ́ tí Norbert bá ṣubú. Kò ní pẹ́, olè tí kò lè sáré." Orin náà kò tíì wọ ilé rí. Ṣùgbọ́n Apàlọ́ ni Arlys, ògiri sì ní Apàlọ́ kò gbọdọ̀ gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni.

"Màámi, ẹ̀yin ẹ kọrin," Corinne ní. "Ẹ̀yin lẹ ni ilé."

"Èmi ni mo ni ilé. Èmi kọ́ ni mo ni òfin."

"Ká yí i padà nígbà náà!" Lavonne lu tábìlì. "Ẹni tó bá gbà, kó nawọ́!"

Gbogbo ọwọ́ gbọ́dọ̀ pé kí òfin tó yí, títí kan ti ẹni tí kò wá. Lavonne nawọ́. Corinne nawọ́. Arlys nawọ́. Norbert na ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀. Ọwọ́ òsì rẹ̀ wà lórí tábìlì.

"Bùrọ̀dá Norbert, ẹ na èkejì náà," Corinne ní.

"Ti èmi ni mo nà yìí. Èyí kì í ṣe tèmi, ti ẹ̀gbọ́n mi ni."

"Ẹ jọ̀ọ́, sà."

"Corinne, nígbà tó o wà ní kékeré, tí tafàtafà rẹ àkọ́kọ́ kú ńkọ́? O sunkún títí di àsìkò oúnjẹ alẹ́."

Corinne gbé ojú sílẹ̀. "Dádì náà sunkún."

"Ṣé ó yí òfin padà?"

"Rárá."

"Norbert," ni Arlys wí, "ṣé o fẹ́ pa ọkọ mi lẹ́ẹ̀kejì ni?"

Ọwọ́ òsì Norbert gbéra díẹ̀, ó tún balẹ̀. Omi ti kún ojú rẹ̀.

"Ìyàwó wa, tí mo bá na ọwọ́ yìí, kì í ṣe òun ló jókòó síbí mọ́. Èmi nìkan ni, lórí àga méjì. Ó ní òun kò gbà. Ẹ̀yin náà ń gbọ́ ọ."

Arlys ń gbọ́ ọ lóòótọ́. Ohùn Burdette ni, pẹ̀lú oríkunkun rẹ̀. Tí òun bá rú òfin rẹ̀, ọkọ òun lọ. Tí òun kò bá rú u, ọkọ òun lọ. Ọ̀nà kẹta kò sí.

Wọ́n ń wò ó. Ohun tí Apàlọ́ kò bá tíì sọ, kò tíì ṣẹlẹ̀. Ó dákẹ́ títí sọ́sééjì fi tutù nínú àwo. Nígbà tó yá, ó ní:

"Ullo ṣubú. Yìnyín bò ó. Ejò náà padà sínú omi."

Ó mú ère òjé náà, ó fi àtàǹpàkò nu ojú rẹ̀, ó gbé e sínú agolo bisikíìtì tí wọ́n ń kó ère àwọn tó ti lọ sí. Ó dé e. Nígbà tó dé e tán, tí òfin kankan kò tún ní ohun tó kàn án mọ́, ó la ẹnu, ó kọ orin tí Burdette kọ sí i létí:

*Norbert, dìde o, dìde,*
*Àbúrò mi, ilẹ̀ tutù,*
*Mo ti mú àga gbóná dè ọ́,*
*Dìde o, ká jọ lọ sílé.*

"Ó dùn," Lavonne wí jẹ́jẹ́.

"Ó dùn," ni Arlys wí.

Agolo kò mira. Norbert, tí wọ́n dárúkọ nínú orin, gbé orí lé tábìlì, kò lè dìde.