Báńdéèjì Tí Mọ̀ríámọ̀ Rán Pa

Ó ti pẹ́ tí egbò ti wà ní ẹsẹ̀ òsì Mùsbáù, lókè ọrùn ẹsẹ̀ gan-an. Àpótí aṣọ ló já lù ú nígbà tí wọ́n ń já ẹrù lára lọ́rì tó ti Kumasi dé. Kò sí ohun tí wọn kò fi sí i: ewé, òrí, omi tí wọ́n fi fọ wàláà. Á gbẹ díẹ̀, á tún ṣí. Egbò àdáàjinná ni.

Mọ̀ríámọ̀ ìyàwó rẹ̀, tó ń rán fìlà tà ní àdúgbò Zogbeli ní Tamale, gbọ́ pé dókítà òyìnbó kan dé sílùú náà, tó jẹ́ pé irú egbò bẹ́ẹ̀ nìkan ló ń wò. Ó mú ọkọ rẹ̀ lọ. Dókítà fi oògùn kan tó ki bí ẹ̀kọ pa ẹsẹ̀ náà, ó sì fi báńdéèjì dì í dan-in láti ìka ẹsẹ̀ dé orúnkún. Sùfíyánù tó ń bá dókítà ṣiṣẹ́ ló fi Hausa túmọ̀ fún wọn.

"Ẹ gbé ẹsẹ̀ lé tìmùtìmù. Ẹ má ṣí i títí ẹ ó fi padà wá. Yóò rùn. Ẹ jẹ́ kó máa rùn. Ẹ ṣáà má ṣí i."

Kò pẹ́ rárá tí Àrìnkẹ́, ẹ̀gbọ́n Mùsbáù obìnrin, fi wá kí i. Ó yínmú.

"Ẹran ara àbúrò mi ti ń jẹrà nínú aṣọ yìí!"

Kí Mọ̀ríámọ̀ tó ti ọjà dé, Àrìnkẹ́ ti tú báńdéèjì, ó ti da ẹ̀tù èèpo igi sójú egbò. Nígbà tí wọ́n padà dé ọ̀dọ̀ Sùfíyánù, ó wo egbò, ó wo àwọn méjèèjì. "Kí ni mo sọ?" Wọ́n fọ ẹ̀tù náà kúrò, Mùsbáù ń ké. Wọ́n tún un dì.

Lẹ́ẹ̀kejì, Àrìnkẹ́ kọ́. Ọ̀rẹ́ Mùsbáù kan ló ti Salaga wá, tó ní òun fẹ́ fojú ara òun rí i. Mùsbáù fúnra rẹ̀ ló tú u.

"Ẹ tú u?" Mọ̀ríámọ̀ ní. "Ṣé ìran ni ẹsẹ̀ yín ni?"

"Ọ̀nà jíjìn ló ti wá. Ṣé kí n ní kó máa lọ ni?"

"Bàbá Àsmá'ù, ó ti sú mi! Èmi ni mò ń fọ aṣọ tó kún fún ọyún, èmi náà ni wọ́n ń bú lọ́dọ̀ dókítà. Ó sú mi!"

Mùsbáù ń ká báńdéèjì náà jọ.

Nígbà tí wọ́n dì í lẹ́ẹ̀kẹta tí wọ́n délé, Mọ̀ríámọ̀ fi aṣọ kákí yí báńdéèjì ká, ó mú abẹ́rẹ́ tó fi ń rán fìlà, ó rán an pa láti òkè délẹ̀. Inú ń bí i débi pé kò wo ojú ọkọ rẹ̀.

Àrìnkẹ́ rí i, ó figbe ta. "Òkú ni wọ́n máa ń ránṣọ mọ́ lára! Ṣé o fẹ́ sin àbúrò mi láàyè ni?"

Mọ̀ríámọ̀ kò ro ìyẹn rárá. Ó wo Mùsbáù. Bó bá ní kí òun tú u, ilé ìyá òun lòun ń lọ.

Mùsbáù fọwọ́ ara rẹ̀ gbé ẹsẹ̀ padà sórí tìmùtìmù. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fi sílẹ̀. Èmi ni ọwọ́ mi kì í dúró. Mọ̀ríámọ̀ mọ̀ mí."

Àrìnkẹ́ bínú jáde. Àwọn àlejò ń wá, wọ́n ń rí kákí, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, ẹnikẹ́ni kò sì ní kó tú u mọ́; ọ̀rọ̀ ọjà ni wọ́n ń sọ.

Nígbà tí tọkọtaya náà padà sọ́dọ̀ dókítà, Sùfíyánù mú sísọ́ọ̀sì. "Ta ló rán èyí?"

"Èmi ni," ni Mọ̀ríámọ̀ wí, ó ti ń retí èébú.

Sùfíyánù gé òwú náà, ó tú báńdéèjì. Ẹran pupa tó mọ́ ló wà lábẹ́ rẹ̀, etí egbò sì ti ń sún mọ́ra. Ó pe dókítà wá wò ó. Lẹ́yìn náà ó ní, "Bí wọ́n bá dì í tán, ẹ tún un rán."

Ó di ìgbà ọyẹ́ kí egbò náà tó pa ojú dé. Ẹsẹ̀ náà rù, Mùsbáù sì ń tiro díẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ jọ fẹsẹ̀ rìn lọ sí àdúgbò Kakpagyili láti kí ẹni tó bímọ, gbogbo ẹni tí Mùsbáù bá pàdé ló ń dúró kí. Mọ̀ríámọ̀ pòṣé, ó ṣáájú. Nígbà tó dé abẹ́ igi kan, ó bojú wẹ̀yìn, ó rí i lókèèrè, ó ṣì ń bá ẹnì kan sọ̀rọ̀. Ó tún pòṣé, ó jókòó, ó dúró dè é.