Ogún Ife Tíì ní Kalátè Gúlì

Mo lá àlá kan lóru àná, ẹ má sì bi mí pé kí ni mo jẹ sùn, torí ẹ̀bà ni. Ọmọbìnrin kan tí ìjọba rán níṣẹ́ ló dá a sílẹ̀. Ó yà lọ́dọ̀ mi nírọ̀lẹ́, ó ní òun ń bọ̀ láàárọ̀ wá kọ iye ẹni tó ń gbé ilé mi. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì. Láti ìgbà tí ìyàwó mi ti kú, èmi nìkan ni. Ó dùn mí, mo bá sùn lórí àga mi.

Bí mo ṣe dijú báyìí, àga mi dìde, ó gbé mi rìn dé ilẹ̀ Ìráànì.

"Kalátè Gúlì rè é," ni àga wí. "Òkè lọ́tùn-ún, aṣálẹ̀ lósì. Bọ́ sílẹ̀, o wúwo."

Èdè Páṣíà ni wọ́n ń sọ níbẹ̀, èmi náà sì ń sọ ọ́ bí ẹni tí wọ́n bí síbẹ̀. Ìyá àgbà kan, Bíbí Màhínì, wá pàdé mi.

"Àlejò, ẹ bá wa ka ara wa. Bí a ò bá pé ogún, Ọ̀gá Behrúsù tó ń ka èèyàn fún ìjọba máa pa abúlé wa rẹ́ nínú máàpù lónìí. Ọkọ̀ tó ń gbé omi wá fún wa ò ní wá mọ́."

"Màmá, a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Èèwọ̀ ni nílé wa."

"Kí lẹ wá fẹ́ kà?"

"Ẹ bu tíì fún gbogbo ìlú. Ife ni màá kà."

Wọ́n bu tíì. Kálukú fi ṣúgà sáàárín eyín, wọ́n ń mu ún. Mo ka ife: mọ́kàndínlógún. Mo tún un kà. Ife kan bínú sí mi, ó ní, "Ṣé o rò pé a máa bímọ ni?"

Ọ́fíìsì Ọ̀gá Behrúsù wà lójú ọ̀run, wọ́n fi okùn so ó mọ́ igi. Ọ̀gá fi àkàsọ̀ sọ̀ kalẹ̀, máàpù wà lábíyá rẹ̀.

"Ẹ̀yin mélòó lẹ wà níbí?"

"Ọ̀gá, ẹ kọ́kọ́ mu tíì," ni Bíbí Màhínì wí.

Ọ̀gá ní rárá. Bíbí tún bẹ̀ ẹ́, ó tún ní rárá. Nígbà kẹta, ó gbà, torí lọ́dọ̀ wọn, rárá méjì àkọ́kọ́ kì í ṣe rárá, ìwà ọmọlúàbí ni.

Bó ṣe gbé ife kalẹ̀, ìwo yọ lórí rẹ̀, ó di òbúkọ. Kò ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Mo ti bá ọ̀gá ìjọba ṣiṣẹ́ rí, èyí tilẹ̀ sàn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ máàpù.

"Rọra, odò nìyẹn!" ni máàpù ń wí.

Mo ka ife. Ó pé ogún.

"Ṣùgbọ́n òbúkọ ni," ni mo sọ fún Bíbí.

"Ṣé kò mu tíì ni?"

"Ó mu ún."

"Ẹni tó bá mu tíì wa, ará wa ni. Ẹ kọ ọ́."

Mo kọ ọ́. Ọ́fíìsì já okùn, ó fò lọ. Inú mi dùn débi pé mo sunkún.

Ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn ló jí mi. Ọmọbìnrin àná ni, ó mú bírò dání. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, òbúkọ aládùúgbò mi ti ki ẹnu bọ ife ìyàwó mi, èyí tí mo ṣì máa ń gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi níta.

"Bàbá, ẹ káàárọ̀. Ẹ̀yin mélòó lẹ wà nílé?"

"Ọmọ mi, ife ni kí o kà."

Ó wo ife méjèèjì, ó wo òbúkọ, ó wò mí.

"Ó yá, wọlé wá mu tíì," ni mo wí.

Ó ní rárá, òun ń kánjú. Ẹ̀ẹ̀kan nìyẹn. Mo lọ gbé ife kẹta.