Òkè Sọ̀kalẹ̀ Wá Kí Àna

“Ẹ rọra fi ìrẹsì yẹn sílẹ̀ ná. Oorun tí mo sùn lóru àná kì í ṣe oorun lásán,” ni Bàbá Akínfọlárìn wí. Ó fa àpótí kan, ó sì jókòó ti àwọn obìnrin méjì tó ń ṣa ìrẹsì ní ẹ̀yìnkùlé.

Fèyíṣayọ̀, ọmọ rẹ̀ tí yóò ṣègbéyàwó lọ́jọ́ Sátidé, gbójú sókè. Dọkásì, àbúrò Lìdíà, ìyàwó Bàbá tó ti dolóògbé, kò tilẹ̀ wẹ̀yìn.

“Bàbá Fèyí, bó bá jẹ́ àlá ẹlẹ́rù ni, ẹ kọ́kọ́ gbàdúrà sí i.”

“Kò ní ẹ̀rù nínú. Ẹ̀rín ló fẹ́ pa mí níbẹ̀.”

Àwọn obìnrin náà wo ara wọn. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti gbọ́ ẹ̀rín lẹ́nu rẹ̀. Láti ìgbà tí Lìdíà ti lọ ni Bàbá ti ń dá jẹun nínú yàrá, tòun ti ilẹ̀kùn ní títì. Iyán ni kò tilẹ̀ fẹ́ fojú kàn mọ́, nítorí Lìdíà ló máa ń gún un fún un. Bẹ́ẹ̀ àwọn ẹbí ọkọ Fèyíṣayọ̀ ń bọ̀ láti Àgbádárìgì lọ́la, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kò sì dé Ìdànrè rí. Fèyíṣayọ̀ ti bẹ bàbá rẹ̀ pé kó mú wọn wo ìlú, kó júwe ibi tí oúnjẹ ti dùn fún wọn, kó sì bá wọn jókòó jẹun. Ó gba ti ìlú wíwò. Ti jíjókòó jẹun ni kò gbà.

“Bí onílé kò bá bá àna jẹun, Bàbá mi, wọ́n á rò pé àwọn kò tẹ́ ẹ lọ́rùn ni,” ni ọmọ náà wí lálẹ́ àná, omi sì lé ròrò sí i lójú. Ọ̀rọ̀ yìí ni Bàbá gbé sùn.

Nínú àlá náà, ó bá ara rẹ̀ ní gáréèjì, ó wọ aṣọ funfun tó fi ń lọ gba oúnjẹ Olúwa. Àwọn àna dé. Ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n wọ̀, wọ́n ń wà á bọ̀ lórí títì ọlọ́dà, ìyá àgbà ọkọ ìyàwó sì jókòó níwájú pẹ̀lú agboòrùn. Kò ya Bàbá lẹ́nu.

“Ẹ kú ewu ọ̀nà. Ṣé ọ̀nà dára?”

“Ọ̀nà dára,” ni Ìyá Àgbà dáhùn. “Àfi pé ẹja kò jẹ́ ká ríbi kọjá ní Oǹdó.”

“Bó ṣe máa ń rí nìyẹn,” ni Bàbá wí, ó sì bá wọn fa ọkọ̀ wọn sí ẹ̀gbẹ́ títì.

Wọ́n ní kò sẹ́ni tó lè fi ìlú han àlejò láìgbàṣẹ ní Ọ́fíìsì Ìgbàlejò. Ọ́fíìsì yìí ń léfòó lókè oko kòkó, okùn ni wọ́n fi so ó mọ́ igi kan kí afẹ́fẹ́ má baà gbé e lọ sí Ọ̀wọ̀. Bàbá àti àwọn àna bá fa okùn náà wálẹ̀ bí ẹni ń fa omi nínú kànga. Ọ̀gá kan tó de táì yọrí lójú fèrèsé.

“Kí ni wọ́n fẹ́ wò? Kí ni wọ́n fẹ́ jẹ?”

Bàbá rẹ́rìn-ín músẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í júwe. Ó ní kí wọ́n kọ́kọ́ gun òkè, kí wọ́n rí ìlú àtijọ́ tó wà lórí rẹ̀. Tí wọ́n bá sọ̀ kalẹ̀, kí wọ́n wá asun jẹ, ẹran ewúrẹ́ yíyan tí ata bò mọ́lẹ̀. Tó bá di ọwọ́ ìrọ̀lẹ́, iyán.

“Iyán yẹn, ṣé ó dùn?” ni ọ̀gá bi í.

“Ó dùn tẹ́lẹ̀.”

“Tẹ́lẹ̀ kọ́ ni mo bi yín. Ẹni tó bá júwe oúnjẹ fún àlejò, òun ló ń kọ́kọ́ tọ́ ọ wò. Bàbá, ìgbà wo lẹ tọ́ ọ wò kẹ́yìn?”

Bàbá wo bàtà rẹ̀. Kó tó gbójú sókè, ìrùngbọ̀n ọ̀gá ti ń gùn, ìwo ti yọ lórí rẹ̀, ó sì ti di òbúkọ, táì sì wà lọ́rùn rẹ̀ síbẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ kọ́tìnì ọ́fíìsì.

“Ẹ máa bá ọ̀rọ̀ yín lọ, mò ń gbọ́,” ló wí.

Ìyá Àgbà sún mọ́ ọn, ó tẹ̀ ẹ́ níhà. “Àna mi, ṣé asun tí ẹ ń wí nìyí?”

“Màmá! Òṣìṣẹ́ ìjọba ni mí o!”

“Ẹran tó bá ṣì ń fọhùn, kò tíì jinná nìyẹn,” ni Ìyá Àgbà wí, ó sì fi pẹ̀lẹ́ padà sẹ́yìn.

Ní ẹ̀yìnkùlé, Dọkásì ju abọ́ ìrẹsì sílẹ̀, ó ń fọwọ́ di ìhà mú nítorí ẹ̀rín. “Òbúkọ náà ńkọ́?”

“Ó tẹ̀ lé wa. Ó ní òun kò lè jẹ́ kí àlejò dá rìn.”

Wọ́n dé ìdí òkè. Ìyá Àgbà wo àtẹ̀gùn tó gùn lọ sókè títí tó fi wọnú ìkúùkuu, ó wá wo orúnkún ara rẹ̀. Kó tó sọ̀rọ̀, òkè ti wúkọ́.

“Ẹ má ṣèyọnu. Èmi ni mò ń bọ̀.”

Òkè dìde. Ó ká igbó ìdí rẹ̀ sókè bí obìnrin tó fẹ́ la odò kọjá ṣe ń ká ìró, ó ki àtẹ̀gùn bọ abíyá bí ẹní, ó sì ń sọ̀ bọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Nígbà tó dé ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì, ó fi ìka ẹsẹ̀ rìn, nítorí àwọn akọrin ń dánrawò lọ́wọ́.

“Ẹ kú àbọ̀, ẹ̀yin àna wa,” ló wí, ó sì jókòó pẹ̀lẹ́.

“Ṣé ìwọ ni wọ́n máa ń gùn?” ni Ìyá Àgbà bi í.

“Èmi ni, Ìyá. Láti ìgbà ìwáṣẹ̀, kò sẹ́ni tó bi mí bóyá ẹ̀yìn ń dùn mí.”

Ìyá Àgbà tú ìgò òróró àgbọn jáde nínú ẹrù rẹ̀, èyí tó gbé bọ̀ láti Àgbádárìgì. Ó fi pa ẹ̀yìn òkè títí tí òkè fi mí kanlẹ̀, tí gbogbo ẹyẹ orí rẹ̀ sì fò lẹ́ẹ̀kan náà.

Bí òkè ṣe mí kanlẹ̀ ni ebi pa á. Inú rẹ̀ kùn bí àpáta tó ń yí. Lọ́gán, tábìlì gígùn kan tẹ́ sílẹ̀ lójú títì. Odó ilé Bàbá fúnra rẹ̀ ló tiro dé, ó fi ọmọ odó ṣe ọ̀pá ìtilẹ̀. Iyán funfun kún inú rẹ̀ bámú.

“Ọ̀gá, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta,” ni odó wí. “Láti ìgbà tí ìyá wa ti lọ, adìyẹ ló ń sùn lórí mi. Mi ò bínú. Àmọ́ adìyẹ kì í ṣe iyán.”

Gbogbo wọn jókòó, òkè níhìn-ín, òbúkọ lọ́hùn-ún. Wọ́n wẹ ọwọ́. Kò sẹ́ni tó bu òkèlè. Gbogbo ọwọ́ dúró lófuurufú, gbogbo ojú sì wà lára Bàbá.

“Ẹ máa jẹ, ẹ jọ̀ọ́,” ni Bàbá wí. “Èmi ti yó.”

“Irọ́ ni,” ni odó wí.

“Onílé ló ń kọ́kọ́ tọ́ ọ wò,” ni òbúkọ wí.

Ní ẹ̀gbẹ́ títì, ọkọ̀ ojú omi ti rọra yí imú padà sí ọ̀nà Àgbádárìgì. Bàbá rí i. Ó mọ̀ pé bí òun kò bá jẹun, ebi ni àwọn àna yóò gbé relé, ọmọ òun yóò sì tẹ̀ lé wọn tòun ti ojú ẹkún.

Àga kan ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àga Lìdíà ni. Nínú gbogbo ohun tó ń fọhùn lọ́jọ́ náà, àga yẹn nìkan ni kò sọ nǹkan kan. Ó kàn sún mọ́ ọn díẹ̀.

Ìyá Àgbà gbé ọwọ́ tútù lé apá rẹ̀. “Àna mi, èmi náà ti sin ọkọ. Ẹnu kan náà ni a fi ń sunkún tí a fi ń jẹun. Ọlọ́run kò fún wa ní méjì.”

Bàbá bu òkèlè. Ó rì í sínú ọbẹ̀, ó gbé e sẹ́nu. Òkè pàtẹ́wọ́, òbúkọ ké “Àmín,” ilẹ̀ sì mì tìtì.

Lórí àpótí rẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé, Bàbá Akínfọlárìn sọ ọwọ́ tó fi ń júwe òkèlè náà kalẹ̀.

“Ẹ ò wí bó ṣe dùn sí,” ni Fèyíṣayọ̀ wí. Ohùn rẹ̀ kéré.

“Bí mo ṣe fẹ́ gbé e mì báyìí ni mo jí. Etí ìrọ̀rí ni mo ki bọ ẹnu, mò ń jẹ ẹ́ lákọlákọ. Ó ti tutù rinrin.”

Dọkásì rẹ́rìn-ín títí tó fi fi etí ìró nu ojú. Bó ti ń nù ún, kò sẹ́ni tó lè sọ bóyá ẹ̀rín nìkan ni.

“Ṣùgbọ́n ebi ń pa mí,” ni Bàbá wí, bí ẹni pé ọ̀rọ̀ náà ya òun gan-an lẹ́nu. “Ebi gidi. Kí ló wà nílé?”

Fèyíṣayọ̀ ti dìde kó tó sọ ọ́ tán. Ó gbé iṣu sísè àti ọbẹ̀ àná jáde láti ilé ìdáná, ó sì mú ọ̀nà yàrá Bàbá pọ̀n bí ó ti ń ṣe lójoojúmọ́.

“Níbo lò ń gbé e lọ?” ni Bàbá bi í. Ó sún àpótí rẹ̀ sẹ́yìn kí àyè lè gbà wọ́n. “Gbé e síbí, láàárín wa. Dọkásì, lọ wẹ ọwọ́ rẹ.”